Ohun Tó Ń Kùn Lábẹ́ Orin

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn orin nínú ilé. Ìtàn tí mo mú wá fún yín, ti sípíkà ni. Kì í ṣe àwọn gàgàrà tí wọ́n ń tò síta níbi ayẹyẹ o, àwọn kékeré tí èèyàn ń gbé sórí pẹpẹ ìwé ni, láàárín ìwé àti fọ́tò ọmọ. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa wí nínú ara rẹ̀ pé kí ló wà nínú ìyẹn. Ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Tí mo bá parí, ẹ ó mọ ìdí tí àwa ará etíkun yìí kì í fi í rẹ́rìn-ín sí i.

Òkun tiwa níbí, lókè Jutland, ilẹ̀ ló ń jẹ, kì í sì í yó. Ilé kọnkéré tí àwọn sójà Jámánì kọ́ sórí òkè nígbà ogun, orí iyanrìn nísàlẹ̀ ló wà báyìí, ó dojú délẹ̀ bí ìkòkò tí wọ́n fọ̀ tán. Kò sẹ́ni tó gbé e débẹ̀. Ilẹ̀ tó dúró lé ni òkun jẹ.

Vagn àti Dagny ìyàwó rẹ̀ ń gbé nínú ilé tí bàbá Vagn kọ́ sórí òkè yẹn. Nígbà tí Vagn wà ní kékeré, oko ọ̀dùnkún ló wà lẹ́yìn ilé, pápá màlúù wà lẹ́yìn oko, ẹ̀yìn pápá lèèyàn á rìn dé kó tó rí òkun. Nígbà tí ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, pápá ti lọ, oko ti lọ, òpó àsíá tó wà lẹ́yìn ilé náà ti lọ. Èèyàn á dúró nídìí fèrèsé pálọ̀, kò ní rí koríko kankan, omi nìkan, bí ẹni pé inú ọkọ̀ ojú omi ló wà.

Ọkùnrin kan wá láti ìjọba ìbílẹ̀ nígbà oòrùn, ó rìn yí ilé ká, ó ní kí wọ́n kó jáde kí ìjì ìgbà ìwọ́wé tó dé. Dagny fẹ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní yàrá tó ṣófo ní ìlú Hjørring. Vagn náà kò sọ pé òun kò lọ. Ohun tó sọ ni pé yàrá yẹn kéré, pé sípíkà òun tó ga dé ìbàdí èèyàn kò lè gba ibẹ̀, pé òun kò sì ní lọ máa gbé níbi tí òun kò ti ní gbọ́ orin.

"Wá kékeré, ṣebí wọ́n ń ṣe é," ni Dagny wí.

"Kékeré báwo?"

"Èyí tó ń jókòó sórí pẹpẹ ìwé. Àbí orí tìrẹ lo fẹ́ gbé e lé?"

Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò. Ọjọ́ tí Vagn bá rí sípíkà kékeré tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọjọ́ náà ni wọ́n máa kó ẹrù sínú mọ́tò. Dagny rò pé kò ní pẹ́. Ó gbàgbé irú ẹni tó fẹ́.

Nítorí pé rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni Vagn fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ṣe, etí rẹ̀ ni gbogbo agbègbè wa sì fi mọ̀ ọ́n. Ó yá sípíkà lọ́wọ́ onísọ́ọ̀bù, ó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ó yá lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kàn án fúnra rẹ̀ nínú gáréèjì. Ó gbọ́ èyí, ó ní ohùn òkè rẹ̀ ń gún òun létí. Ó gbọ́ tọ̀hún, ó ní imú ni olórin fi ń kọrin. Ó dá wọn padà, ó tún kó òmíràn wálé. Ìgbà oòrùn kọjá. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, ìjì àkọ́kọ́ dé, ó bu etí òkè jẹ. Láràárọ̀ ni Dagny ń wọ bàtà òjò lọ wo bí ilẹ̀ ṣe kù sí. Tó bá padà wọlé, yóò gbé kọfí kaná, kò ní sọ ohun tó rí. Kò fẹ́ kí Vagn sọ pé òun ń lé e kúrò nílé bàbá rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó ku oríṣi méjì. Àwọn dúdú ní ihò lẹ́yìn, tí afẹ́fẹ́ inú wọn ń gbà jáde, ìyẹn ló ń jẹ́ kí àpótí kékeré lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ tó wúwo. Àwọn funfun kò ní ihò kankan. Dídé ni wọ́n dé wọn pa, ohùn wọn mọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í lọ sísàlẹ̀ jìnnà. Ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ni Vagn máa mú. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Ìjì ti jà kọjá, òjò ti rọ̀ títí amọ̀ ilẹ̀ fi mu omi yó, gbogbo ibi wá dákẹ́. Láàárọ̀ yẹn, ilẹ̀kùn ilé ìdáná kò ṣe é tì mọ́. Vagn ní òjò ló mú kí igi wú. Dagny wo òkè ilẹ̀kùn náà, níbi tí àyè ti là láàárín igi àti ògiri.

Egil ọ̀rẹ́ wọn ló wá bá wọn ṣe àfiwé. Apẹja ni Egil tẹ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó ti Vagn lórí àga gígùn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyí: wọ́n á ta aṣọ fẹ́lẹ́ bo pẹpẹ ìwé kí ojú má baà tan etí jẹ, Dagny á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa pààrọ̀ wáyà ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn orin sókè, láti ara dúdú sí funfun láìsọ èyí tó ń kọrin. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, á fi ẹ̀rọ kékeré kan wọn ariwo àwọn méjèèjì kó lè dọ́gba, nítorí èyí tó bá fi díẹ̀ pariwo ju èkejì lọ ni etí máa ń pè ní èyí tó dùn jù.

Dagny gbé àwo orin kan sórí giramafóònù, ó sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Obìnrin kan ń kọrin, ọkùnrin kan ń fa okùn béèsì ńlá onígi tẹ̀ lé e.

"Háà," ni Vagn wí, ojú rẹ̀ dì. "Àárín yàrá yìí gan-an ló dúró sí. Mo lè fọwọ́ kan èjìká rẹ̀."

"Ká ọwọ́ rẹ kò," ni Egil dá a lóhùn. "Ìyàwó rẹ ń wò ọ́."

"Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kàn án," ni Dagny wí. "Bóyá ìyẹn á mú kó tètè pinnu."

Orin àkọ́kọ́ parí. Láàárín ìdákẹ́jẹ́ tó wà kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́ nǹkan kan. Kò pariwo. Ó ń kùn nísàlẹ̀ pátápátá, bí ẹni pé màlúù ńlá kan ń mí lábẹ́ pákó ilẹ̀. Dagny pààrọ̀ wáyà. Ó dákẹ́. Ó dá wáyà padà síbi tó wà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Èyí tó ń kùn yìí, irọ́ ló ń pa," ni Vagn wí. "Ó ń fi ohun tí kò sí nínú àwo kún orin."

"Irọ́ kẹ̀? Èkejì ló dití."

"Etí tìrẹ ni iyọ̀ òkun ti dí, Egil."

"Ó dára, ó dára. Mọ́tò giramafóònù rẹ ló ti gbó nígbà náà. Ó ń lọ bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi àtijọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Vagn lára. Ó tú giramafóònù, ó pààrọ̀ bẹ́líìtì tó ń yí i, ó fi òróró díẹ̀ sí i. Ó ṣì ń kùn. Ó ní tábìlì ni kò dúró dáadáa. Òun àti Egil gbé òkúta pẹlẹbẹ kan wọlé láti ìta, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri tó kọjú sí òkun, wọ́n gbé giramafóònù lé e. Kíkùn náà wá pọ̀ sí i. Ife kọfí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àwo rẹ̀, gíri gíri, bí eyín ẹni tí òtútù mú.

Dagny fa aṣọ kúrò lójú pẹpẹ.

"Kí lo ṣe yẹn?" ni Vagn kígbe. "O ti bà á jẹ́! A ti rí èyí tó ń kọrin!"

"Ẹ wò ó," ni Dagny wí.

Ojú àwọn sípíkà dúdú ń lọ síwájú, ó ń lọ sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, bí àyà ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Àárín orin méjì ni wọ́n wà, kò sí orin kankan tó ń dún. Dagny tẹ̀ ba, ó yọ wáyà giramafóònù kúrò lára iná. Àwo dúró. Abẹ́rẹ́ wà lórí àwo tí kò yí mọ́. Ojú sípíkà ṣì ń mí.

Inú Vagn dùn. Ẹ gbọ́ mi o, inú rẹ̀ dùn! Ó fọwọ́ lu itan.

"Ṣé o rí i, Egil? Kì í ṣe mọ́tò! Mo sọ fún ọ! Ampilifáyà ló ní láti jẹ́."

Dagny bi í pé, "Vagn, kí ni abẹ́rẹ́ yẹn dúró lé?"

"Àwo."

"Kí ni àwo dúró lé?"

"Òkúta, àbí o kò rí i?"

"Òkúta ńkọ́?"

"Ilẹ̀ẹ́lẹ̀."

Egil, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ti dákẹ́. Ó wo fèrèsé, ó wo pákó tó tẹ ẹsẹ̀ lé, ó rọra dìde dúró.

"Ọ̀rẹ́ mi," ni ó wí, "ó dà bíi pé ilẹ̀ ni abẹ́rẹ́ yẹn ń kà."

"Ẹ má dá mi dúró. Iṣẹ́ mi nìyí." Vagn na ọwọ́ sí ampilifáyà, ó tẹ bọ́tìnnì kan tó máa ń gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ojú sípíkà dúró jẹ́ẹ́. Kò sí ohun tó ń kùn mọ́. "Ẹ wò ó! Ó tán. Ó mọ́ tónítóní."

Ó tán lójú sípíkà lóòótọ́. Ife kọfí ṣì ń gbọ̀n.

Dagny rí i pé ọ̀rọ̀ kò lè gbé ọkọ òun dìde lórí àga yẹn. Ó fa wáyà yọ lẹ́yìn àwọn dúdú, ó gbé ọ̀kan há abíyá ọ̀tún, ó gbé ọ̀kan há ti òsì, ó jáde.

"Rọra o! Má fọwọ́ kan ojú wọn! Dagny!"

Vagn sáré tẹ̀ lé e tòun ti ìbọ̀sẹ̀. Ohun tí Dagny fẹ́ gan-an nìyẹn. Egil jáde tẹ̀ lé wọn, ó di bàtà rẹ̀ mọ́wọ́. Ojú títì ni mọ́tò wà, ó jìnnà sí òkun. Dagny tẹ́ àwọn sípíkà sórí àga ẹ̀yìn, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú.

"Wọlé, Vagn. O ti mú un. Àwọn dúdú lo mú."

"Àwọn dúdú ni mo mú?"

"Àwọn ni. Jẹ́ ká máa lọ."

Òjò wẹ́wẹ́ ń sẹ̀ lé Vagn lórí. Ó wo àwọn sípíkà nínú mọ́tò, ó wo ilé. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú èyí tó máa ń rín sí oníbàárà tí kò mọ ohun tó ń sọ.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀, Dagny? Mi ò tíì gbọ́ àwọn funfun láti ìgbà tí mo ti tẹ bọ́tìnnì. Oríṣi kan ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Kí ni mo máa fi wé?"

"Vagn, jọ̀ọ́."

"Mo kàn fẹ́ lọ kó wọn wá ni."

Egil di apá súwẹ́tà rẹ̀ mú. Òwú náà fà gùn, Vagn fa ara rẹ̀ yọ, ó padà wọ inú ilé. Wọ́n dúró létí títì, wọ́n ń retí kó jáde. Kò jáde. Orin ni wọ́n gbọ́. Vagn ti dá iná padà fún giramafóònù, ó ti sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀, ó fẹ́ gbọ́ àwọn funfun lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó tú wọn. Ohùn obìnrin yẹn gba ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ jáde wá bá wọn, ó mọ́, ó dùn, kò sí ohun kankan tó ń kùn lábẹ́ rẹ̀. Dagny sọ pé òun kò gbọ́ orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé náà.

Dagny pe orúkọ rẹ̀, ó tún pè é. Ohùn obìnrin náà gé sáàárín ọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ dé. Òrùlé tẹ̀ sí apá òkun, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ jókòó. Ẹ̀yìn náà ni ariwo tó wá, ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wọn sì mì dé ojú títì.

Pálọ̀ lọ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ilé ìdáná dúró, búrẹ́dì dúdú àti bọ́tà ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀. Àwọn panápaná gba etí òkun lọ, wọ́n sì rí Vagn nínú amọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe fún un.

Dagny fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Hjørring, ó jókòó, ó ń bó ọ̀dùnkún, kò gbójú sókè. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lórí àga gígùn yẹn, Egil ló sọ ọ́ fún mi, ó sì bẹ̀ mí pé bí mo bá ń sọ ọ́ kiri, kí n má ṣe yọ ti súwẹ́tà kúrò. Mi ò yọ ọ́.