Gèlè Ọjọ́ Sátidé

“Ẹ̀yin yàtọ̀,” ni òyìnbó tó ń bójú tó ilé náà wí, ó sì na bírò àti ìwé àdéhùn ilé sí Ràhámọ̀tù. “Mo fẹ́ràn ẹ̀yin ará Áfíríkà. Ẹ ní ọ̀wọ̀. Nọ́ọ̀sì kan wá síbí ní Tọ́sìdeè, aláwọ̀ dúdú ibí yìí ni. Mo sọ fún un pé ilé ti tán.”

Ràhámọ̀tù gba bírò náà, ṣùgbọ́n kò fi kọ nǹkan kan. Juliana ni nọ́ọ̀sì yẹn. Wọ́ọ̀dù kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Juliana ló kọ́kọ́ rí ilé yìí ní àdúgbò West Ridge, òun ló sì padà wá sọ pé wọ́n ní ẹlòmíràn ti gbà á. Nígbà tí Ràhámọ̀tù tún rí ìpolówó ilé náà nínú ìwé ìròyìn láàárọ̀ Sátidé, ohun tó sọ lọ́kàn rẹ̀ ni pé Juliana ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn. Ẹ wo ohun tí èèyàn máa ń rò nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀! Òun fúnra rẹ̀ ti ibi ìsọmọlórúkọ wá, tòun ti ìró, bùbá àti gèlè. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ láti kí òyìnbó tó ti hewú náà, ó sì gbà pé ìkíni yẹn ló jẹ́ kí wọ́n fún òun nílé. Ojú tì í gan-an.

“A máa mú ìwé yìí lọ sílé láti kà á,” ló wí, ó sì dìde.

Sàláhúdéènì ọkọ rẹ̀, tó ti jókòó tì í, tẹ̀ lé e jáde lọ sínú mọ́tò, níbi tí Sìmíátù, ọmọ wọn ọmọ ọdún méje, jókòó sẹ́yìn.

“Kí ló dé tí o ò sign lease? Ìwọ náà mọ̀ pé kò sí heat ní ibi tí à ń gbé. Ẹ̀ẹ̀mejì la gbé ọmọ yìí lọ emergency ní winter tó kọjá, tí kò lè mí dáadáa!”

“Ẹ ò gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ ni?”

“Mo gbọ́. Ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú ibí àti òyìnbó ti wà kí a tó dé ìlú yìí. Kì í ṣe tiwa.”

“Bàbá Sìmíátù, gèlè ló rí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí mo bá wọ yunifọ́ọ̀mù mi, tí mò ń bọ̀ láti shift, ta ni àwọn aládùúgbò máa rò pé mo jẹ́?”

Sìmíátù na ọrùn síwájú. “Mommy, did we get it?”

“Ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀, bíi tàwọn ọmọ ibí yìí,” ni Ràhámọ̀tù wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ta ló máa sọ fún pé òun yàtọ̀?”

Ní Mọ́ńdè, ó pe Juliana sí kọ̀rọ̀ ní wọ́ọ̀dù, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ohun tó rò nípa rẹ̀.

“O rò pé èmi ni mo ṣìwà hù?” ni Juliana bi í.

“Bẹ́ẹ̀ ni. Bínú sí mi, ó tọ́ sí mi.”

“Màá bínú dáadáa. Ṣùgbọ́n a máa kọ́kọ́ lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.”

Sàláhúdéènì ló wà wọ́n dé ọ́fíìsì àwọn tó ń gbèjà ẹni tí wọn ò fún nílé nítorí àwọ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun àti Sìmíátù ò ní sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Obìnrin tó dá àwọn méjèèjì lóhùn níbẹ̀ ò tàn wọ́n. Ó ní ọ̀rọ̀ náà lè gba oṣù púpọ̀, àti pé kí Ràhámọ̀tù má retí ilé yẹn mọ́.

“Mo mọ̀,” ni Ràhámọ̀tù wí. Ó rántí àyà Sìmíátù, ẹ̀rù sì bà á, síbẹ̀ ó kọ ọjọ́ àti àkókò sílẹ̀, ó kọ gbogbo ohun tí ọkùnrin náà sọ. Ó tún fi kún un pé: *Mo wé gèlè.*

“Ṣé ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tó gbọ́ ohun tó sọ?” ni obìnrin náà bi í.

Ràhámọ̀tù wo ìta lójú fèrèsé. Kò rí ẹnikẹ́ni nínú mọ́tò wọn. Ilẹ̀kùn ṣí, Sàláhúdéènì wọlé, ó di ọwọ́ Sìmíátù mú. Ó fi lease náà lélẹ̀ lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ sí i.

“Èmi náà wà níbẹ̀,” ló wí. “Ẹ fún mi ní bírò.”