Wáyà Kẹta

Apá irin náà kò dáhùn. Ìyá Ẹ̀rọ tún tẹ bọ́tìnnì lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó dúró, ó ń wo apá náà bí ẹni tó ń wo ọmọ tó dijú tí kò sì sùn. Apá náà nà gbọọrọ lókè àwọn àwo ẹyin, kò mira.

"Àárọ̀ òní lo wá rí yàn," ó wí fún un. "Ó dáa náà."

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn yín jẹ, obìnrin náà kò tíì bímọ. Àwọn òṣìṣẹ́ oko adìyẹ yẹn ló sọ ọ́ ní Ìyá Ẹ̀rọ, nítorí kò sí ẹ̀rọ tó ń ké níbẹ̀ tí kì í ṣe òun ni wọ́n ń pè kó wá rẹ̀ ẹ́. Apá irin yìí gan-an ló wá jẹ́ ọmọ rẹ̀. Òun ló yà á sórí ìwé, òun ló jó irin rẹ̀ pọ̀, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú ẹyin láìfọ́ ọ. Ẹyin tó fọ́ kó tó gbọ́n, ká má wulẹ̀ sọ ọ́. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló fi ẹyin díndín jẹun títí ó fi sú wọn.

Lónìí ni ìyá àgbà tó ni oko náà ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ láti wá wò ó. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn yóò gbé irú rẹ̀ sí gbogbo oko tí wọ́n ní, ẹni tó ṣe é ni yóò sì di ọ̀gá lórí àwọn ẹ̀rọ wọn. Ìyá Ẹ̀rọ ń fẹ́ ipò náà, kò fi bò. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fẹ́ jù ni kí wọ́n mọ̀ pé òun lòun ṣe é. Ẹni tó bá ní ìyẹn ò tó nǹkan, wọn ò tíì gbé ọpẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn rí.

Wáyà ló kọ́kọ́ wò. Ní ìdí apá náà ni àpótí kékeré kan wà tó ń darí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ọpọlọ. Wáyà kan ti ara Ọpọlọ lọ sínú àpótí tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì lára ògiri, òmíràn sì ti ara ògiri wá sínú kọ̀ǹpútà. Ó yọ wọ́n lára Ọpọlọ àti kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí wọn lẹ́nu, ó kì wọ́n bọ̀ ọ́ padà. Iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú wẹ́wẹ́. Wáyà kò kú.

Àdírẹ́sì wọn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló kàn. Kọ̀ǹpútà àti Ọpọlọ gbọ́dọ̀ wà ládùúgbò kan náà kí wọ́n tó lè gbọ́ ara wọn, bí wọ́n bá sì lọ fún àwọn méjèèjì ní nọ́ńbà ilé kan náà, ìjà dé nìyẹn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Àdúgbò kan náà ni, nọ́ńbà ilé sì yàtọ̀. Ó ránṣẹ́ kékeré sí Ọpọlọ pé ṣé ó wà níbẹ̀, kíá ni Ọpọlọ dáhùn pé òun wà. Ó pa ètò ẹ̀ṣọ́ tó ń dá àlejò dúró lórí kọ̀ǹpútà, bóyá òun ló ń ṣe àṣejù. Ó tún kanlẹ̀kùn. Ọpọlọ kọ̀, kò ṣí i.

Ìyẹn ló yà á lẹ́nu. Ẹni tó dákẹ́, èèyàn lè ní ó sùn ni. Ẹni tó bá dáhùn tí kò ṣílẹ̀kùn, ó ní ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí Ọpọlọ sì kọ sójú kọ̀ǹpútà nìyẹn: "Ẹlòmíràn ń lò mí lọ́wọ́."

Òun fúnra rẹ̀ ló fi gbólóhùn yẹn síbẹ̀. Nígbà kan, àbúrò rẹ̀, tó ń darí apá náà láti orí kọ̀ǹpútà kejì, ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ láti mú nǹkan, Ìyá Ẹ̀rọ tí kò mọ̀ sì pàṣẹ fún apá láti orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí ìka ọmọ náà lọ. Ìyá Ẹ̀rọ sunkún lọ́jọ́ náà ju ẹni tó fẹ́ fara pa lọ, ó sì ṣòfin pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni Ọpọlọ yóò máa gbọ́ràn sí lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnì kejì dúró.

Àbúrò yìí ni ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Ìyá wọn kú nígbà tí ọmọkùnrin náà ṣì ń tọ̀ sílé. Ìyá Ẹ̀rọ ló pọ̀n ọ́n dàgbà, òun ló rán an níléèwé, òun ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹnu ọmọ náà dùn, ó sì mọ aṣọ wọ̀. Iṣẹ́ irin nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ wù ú. Páásíwọ́ọ̀dù kan ni àwọn méjèèjì jọ ń lò fún ohun gbogbo, oríkì ìyá wọn ni. Àwọn tó gbọ́n ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ṣé ọmọ ìyá ẹni náà la ó wá máa tìlẹ̀kùn mọ́?

Ó pè é lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o."

"Káàárọ̀, ọkọ mi. Ṣé o pa kọ̀ǹpútà rẹ lánàá? Ó jọ pé òun ló ṣì di Ọpọlọ mú."

"Mo pa á. Wáyà yẹn ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kúkú sáré lọ sígboro kí ẹ ra tuntun. Ọ̀sán làwọn àlejò ń bọ̀."

"Ìwọ ńkọ́, ibo lo wà?"

"Mo ti wà lójú ọ̀nà."

Ìyá Ẹ̀rọ mọ̀ pé wáyà kò ṣe nǹkan kan. Síbẹ̀, nítorí pé àbúrò rẹ̀ ló sọ ọ́, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó gbọ́ ìró lẹ́yìn rẹ̀. Apá irin gbéra. Ó tẹ̀ wálẹ̀, ó mú ẹyin kan jẹ́jẹ́, ó gbé e sínú àwo, ó tún padà fún òmíràn.

Olè ti wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn! Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni bí àbúrò òun yóò ṣe gbọ́ ọ, tí ọkàn rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ó sáré lọ síbi àpótí ara ògiri. Wáyà méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta wà, funfun, tuntun, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú kíkankíkan, ó sì gun ògiri lọ.

Ó gbé ọwọ́ lé wáyà náà, ó ń tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń tẹ̀ lé okùn ewúrẹ́ tó já. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjá yàrá tí wọ́n ti ń fọ ẹyin, ó gun àtẹ̀gùn. Wáyà náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì òkè wọlé. Ohùn kan ń sọ̀rọ̀ nínú ibẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń sùn sí, mà. Ẹyin tó fọ́ kó tó gbọ́n, ká má wulẹ̀ sọ ọ́!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà gbìyànjú o. Àwọn ló máa ń bá mi di wáyà mú."

Ó dun Ìyá Ẹ̀rọ débi pé ó kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ló ń lo ohùn àbúrò òun. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló jẹ sẹ́nu. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé.

Ìyá àgbà àti àwọn ọmọ rẹ̀, tí àbúrò rẹ̀ ní ọ̀sán ni wọ́n ń bọ̀, ti jókòó yí tábìlì ká. Lójú tẹlifíṣọ̀n ara ògiri, àwòrán apá náà ń mú ẹyin. Àbúrò rẹ̀ dìde níwájú kọ̀ǹpútà, ó tẹrí ba títí dé orúnkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ káàbọ̀, mà."

"Ọmọ yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o," ni ìyá àgbà wí.

"Èmi ni mo ṣe é." Ìyá Ẹ̀rọ nawọ́ sí ara ògiri. "Apá yẹn. Láti ìka dé èjìká, èmi ni mo ṣe é."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́," ni àbúrò wí, pẹ̀lú ẹ̀rín. "Níwájú àwọn èèyàn?"

Ìyá àgbà wo àwọn méjèèjì. "Èyí ò le. Ẹni tó nilé ló ní kọ́kọ́rọ́. Ìwọ ọmọ, jáde kúrò nínú ẹ̀rọ yẹn. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ wọlé ká rí i."

Ọmọkùnrin náà kò jiyàn rárá, ó jáde, ó sì fa àga fún un. Ìyá Ẹ̀rọ jókòó. Ó tẹ orúkọ rẹ̀, ó tẹ oríkì ìyá wọn. Ọpọlọ ní òun ò mọ orúkọ yẹn. Ó rọra tún un tẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ọpọlọ ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Ẹnì kan wúkọ́.

"Wọ́n máa ń gbàgbé ni," ni àbúrò rẹ̀ wí, àánú ń bẹ lójú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é." Ó na ọwọ́ kọjá lórí èjìká rẹ̀, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ àti páásíwọ́ọ̀dù kan tí Ìyá Ẹ̀rọ kò mọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí, apá náà sì gbéra lára ògiri. Ìyá àgbà mí kanlẹ̀, ó kọjú sí ọmọkùnrin náà, ó bi í pé ìgbà wo ló lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ ti lé e bá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ ò mọ ọ̀rọ̀ sọ níwájú irú àwọn èèyàn wọ̀nyí. Màá gbà yín síṣẹ́. Abẹ́ mi lẹ máa wà, ẹnikẹ́ni ò ní yọ yín lẹ́nu."

Ìyá Ẹ̀rọ wò ó. Ojú ìyá wọn ló wà lójú rẹ̀, imú ìyá wọn, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dùn ún jù. Ká ní ará ìta ni, ì bá ti gbá a létí.

"Ìgbà wo lo yọ orúkọ mi?"

Ọmọkùnrin náà wolẹ̀. "Nírọ̀lẹ́ àná. Nígbà tí ẹ lọ gbé oúnjẹ wá fún mi."

Ìyá Ẹ̀rọ mi orí. Ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó fi kọ́ apá ọmọkùnrin náà.

"Padà sọ́dọ̀ àwọn àlejò rẹ," ó wí. "Bí wọ́n bá béèrè mi lọ́wọ́ rẹ, sọ fún wọn pé ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá rẹ bí."