Ọjọ́ Tí Marit Rìn Dé Ṣóńṣó Harlan

Pákó tí wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà inú igbó náà yọ̀, ẹsẹ̀ Marit sì fò sókè, àmọ́ ó ti gbá ẹ̀ka igi kan mú kí ìdí rẹ̀ tó kanlẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ó ń mí, ó ń tẹ́tí sí àyà ara rẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ìkókó tó sùn sí yàrá kejì. Àyà náà ń lù bó ṣe yẹ kó lù.

"Mo rí ẹ," Orrin ọkọ rẹ̀ wí láti ẹ̀yìn.

"Kí lo rí?"

"Mo rí i pé o fẹ́ ṣubú."

"Mo fẹ́ ṣubú, mi ò ṣubú. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì."

Marit tún okùn àpò ẹ̀yìn rẹ̀ fà, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Nígbà òtútù tó kọjá ni wọ́n la Marit láyà nílé ìwòsàn kan ní Seattle, tí wọ́n bá a tún ọkàn rẹ̀ ṣe. Láti ìgbà náà ni Orrin àti ọmọbìnrin wọn ti ń gbé e bí ẹyin. Bó bá na ọwọ́ sí ìkòkò, ọwọ́ ẹlòmíì á ti dé ibẹ̀. Lenore, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti bá wọn rí ilé kan nítòsí tirẹ̀ ní Spokane, lẹ́yìn àwọn òkè, níbi tí èèyàn ti lè gbé fún ọdún kan gbáko láì gbóòórùn òkun. Orrin ti fara mọ́ ọn. "Nítorí tìẹ ni," ló máa ń sọ. Bó bá sì ti ń sọ ọ́, ojú fèrèsé ló máa ń wò, kì í wo ojú ìyàwó rẹ̀.

Lọ́la ni Lenore ń bọ̀ wá gbọ́ èsì. Marit kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Lánàá, bí wọ́n ṣe ń jẹun alẹ́, ó kàn gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní òun máa fi ẹsẹ̀ òun rìn láti ilé gba inú igbó dé Ṣóńṣó Harlan létí òkun, òun á sì rìn padà. Bí òun bá dé orí àpáta tó gbẹ̀yìn, níbi tí ilẹ̀ ti tán, àwọn ò kó lọ síbì kankan. Bí òun ò bá dé ibẹ̀, òun fúnra òun lòun á di ẹrù.

Orrin rò ó títí. "Ó dáa," ó ní. "Màá tẹ̀ lé ẹ. Ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ gbé ẹ padà wálé."

Marit lè dijú rin ọ̀nà inú igbó yìí. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé ló ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ọjọ́ tí kò bá sì sí ilé ìwé, inú igbó ni. Orrin ní tirẹ̀, akán ló ń pa lójú òkun. Lójú tirẹ̀, igbó kò ju ibi tí wọ́n ti ń wá igi ìdáná lọ.

Òjò kò rọ̀, síbẹ̀ àwọn igi ń kán omi sílẹ̀. Kùrukùru ti gba orí wọn, èèyàn kò lè mọ ibi tí wọ́n ga dé. Ewé wínníwínní so rọ̀ lára àwọn ẹ̀ka bí irùngbọ̀n arúgbó. Lẹ́bàá ọ̀nà, igi ńlá kan ti wó láti ayé àwọn baba ńlá, àwọn igi kéékèèké sì ti hù sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ ilé ìwé tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Marit fọwọ́ kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọjá.

Wọ́n pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń ti etí òkun bọ̀, tí ṣòkòtò wọn tutù dé orúnkún.

"Ẹ káàárọ̀ o," ọ̀dọ́mọkùnrin náà kí wọn. "Omi òkun ti fà sẹ́yìn dáadáa. Àmọ́ kò ní pẹ́ padà. Ẹ má jẹ́ kó ká yín mọ́ ìdí àpáta."

"Ìyá, ẹ mà lágbára o," ọmọbìnrin náà fi kún un, wọ́n sì kọjá lọ.

Orrin dúró títí wọ́n fi jìnnà. "Ìwọ nìkan ni wọ́n yìn. Èmi ńkọ́? Ẹrù ni mí?"

"Bí ẹrù náà lo ṣe ń rìn láàárọ̀ yìí."

Orrin rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Igbó tán lójijì. Ariwo òkun kọ lù wọ́n lójú bí ẹni ṣílẹ̀kùn. Àwọn ìtì igi tí omi gbé wá kún etí òkun, wọ́n funfun bí egungun. Marit ń gun orí wọn, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbọ́ tí Orrin ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn. Wọ́n gba ìdí igun àpáta kan kọjá, igun tí kò ṣeé gbà bí omi bá ti kún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àkàbà onígi tó gun òkè lọ sí Ṣóńṣó Harlan wà.

Marit di àkàbà náà mú. Kò wo òkè, kò wo ilẹ̀. Ó ń gbé ẹsẹ̀ kan, ó ń sinmi, ó ń gbé ìkejì. Ó dé òkè, inú rẹ̀ ń dùn. Ó bojú wo ìsàlẹ̀. Orrin ṣì wà nílẹ̀, ó ń so okùn bàtà. Ó so ó tán, ó tú u, ó tún so ó.

"Kí lò ń dúró dè?"

"Máa lọ. Mò ń bọ̀ wá bá ẹ. Mo fẹ́ wo àwọn ẹyẹ yìí ná."

Láti ọjọ́ tí Marit ti mọ̀ ọ́n, èpè nìkan ni Orrin máa ń rí sọ sí ẹyẹ òkun. Ṣùgbọ́n omi kì í dúró de ẹnikẹ́ni níbẹ̀, Marit sì yíjú síwájú.

Ọ̀nà òkè náà tóóró. Afẹ́fẹ́ ń tì í sẹ́yìn, Marit tẹ orí ba, òun náà ń tì í padà. Lẹ́ẹ̀kan, àyà rẹ̀ sáré, ó jókòó sórí koríko títí ó fi rọlẹ̀, ó dìde. Nígbà tó yá, kò sí ilẹ̀ mọ́ níwájú rẹ̀. Ó dúró sórí àpáta tó gbẹ̀yìn. Nísàlẹ̀, nínú àwọn kòtò omi, ẹja ìràwọ̀ onígun márùn-ún lẹ̀ mọ́ òkúta, aláwọ̀ àlùkò, aláwọ̀ ọsàn. Lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀yìn àbùùbùtán kan, ẹran omi tó tóbi bí ọkọ̀, yọ, ó tu omi sókè, ó sì tún rì. Marit fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú àpá tó wà láyà rẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti dé.

Ó padà kíákíá láti sọ fún Orrin. Ó dé orí àkàbà, ó la ẹnu láti pe Orrin, ó sì pa ẹnu dé.

Orrin kò mọ̀ pé ẹnì kan ń wo òun. Ó fẹ́ kọjá lórí ìtì igi kan, ìtì tí kò ga ju orúnkún lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé itan ara rẹ̀ bí ẹni gbé àpò ìyẹ̀fun, ó gbé e sórí igi náà, ó sì fara ti ibẹ̀, ó ń lu ẹsẹ̀ náà ní ẹ̀ṣẹ́. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó jókòó.

Marit dúró lójú kan, ó ń rántí. Ọkọ̀ ojú omi tí Orrin gbé fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní kí òun lè ráyè tọ́jú Marit ni. Àga ìsàlẹ̀ ilé tó ń sùn sí, ó ní kí ojú ọgbẹ́ Marit lè rí àyè lórí bẹ́ẹ̀dì ni. Igi ìdáná tó fi sílẹ̀ fún Marit láti máa kó wọlé, ó ní dókítà ló ní kó máa na ara. Orrin sì ti fi í sílẹ̀ fún un kí dókítà kankan tó rí àyà Marit.

Nítorí tìẹ ni, ni Orrin ń wí, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló sì ń fi bò.

Nígbà náà ló rí i pé omi òkun ti ń padà bọ̀. Ìgbì kan fọ́, ó sáré gun iyanrìn, kò sì padà dé ibi tó ti wá.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà láìsinmi. Bó ṣe ń bọ̀, Orrin ti dìde dúró, ó ti gbé ọwọ́ sí ìbàdí bí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

"Ó ti rẹ̀ mí," Marit wí kí Orrin tó sọ nǹkan kan. "Ó ti rẹ̀ mí gan-an, Orrin. Yá mi ní èjìká."

"Mo sọ fún ẹ."

"O sọ fún mi. Yá mi ní èjìká."

Marit ki orí bọ abẹ́ apá Orrin, ó di bẹ́líìtì rẹ̀ mú lẹ́yìn, wọ́n sì ń lọ. Orrin wúwo. Marit kò mọ̀ pé ó wúwo tó báyìí. Nígbà tí wọ́n dé igun àpáta, omi ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn. Ó tutù dé egungun. Ìgbì kan dé, ó gbá wọn lórúnkún, ẹsẹ̀ Orrin yẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ sì rọ̀ mọ́ Marit. Marit fi ẹ̀yìn ti òkúta, ó fi eyín di ètè mú, kò jẹ́ kó lọ.

"Dì mí mú," Orrin wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kí o má baà ṣubú."

"Mo dì ẹ́ mú."

Ìgbì náà fà sẹ́yìn. Kí òmíràn tó dé, wọ́n ti kọjá.

Lẹ́nu igbó, wọ́n jókòó sórí ìtì igi kan. Orrin bọ́ bàtà, ó da omi inú rẹ̀ nù. Inú bàtà náà ló ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ṣé o dé ibẹ̀?"

Iyọ̀ òkun ṣì wà létè Marit.

"Ó kù díẹ̀," ó ní. "Ó kù díẹ̀ kí n débẹ̀ ni mo rí i pé mi ò lè lọ mọ́."

Orrin ń wọ bàtà rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èémí gígùn kan jáde lára rẹ̀, bíi ti ẹni tó gbé ẹrù gun òkè láti òwúrọ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá a sọ̀ ọ́.

"Kò burú," ó ní. "O gbìyànjú. Ta ló máa ní o ò gbìyànjú?"

"Kò sẹ́ni tó máa sọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n wọ inú igbó. Ariwo òkun ń rẹlẹ̀ lẹ́yìn wọn, Marit kò sì bojú wẹ̀yìn. Wọ́n rìn díẹ̀ kí Orrin tó tún sọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí.

"Ilé Spokane yẹn. Lenore ní kò ní àtẹ̀gùn. Gbogbo yàrá rẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wí."

"Sọ bí àwọn yàrá náà ṣe rí fún mi," Marit wí, ó sì tún apá Orrin gbé sórí èjìká ara rẹ̀ dáadáa.