Igbó Tí Kò Fẹ́ Tanná

Kùdírátù ti búra pé ojú òun kò ní kan igbó náà. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá kejì ilé wọn ní Des Plaines, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ó na ìka sí kọ́bọ́ọ̀dù tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó aṣọ kúrò nínú rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run Ọba gbọ́, òun kò ní fi ẹsẹ̀ òun tẹ yàrá yẹn títí wọn yóò fi kó ìranù náà kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ẹnu ṣe máa ń dùn lọ́jọ́ ìbúra. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Kì í ṣe pé obìnrin náà burú. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i, nílé kéwú, níbi tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti pe ẹnìkan ní amugbó, wọ́n ti sọ gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ sọ nípa onítọ̀hún tán nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alájì Abdulqudus, ń bọ̀ wá kí wọn láti ilé. Alájì ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun ló sì tọ́ Kùdírátù dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Yàrá kejì yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ kó sùn sí. Nínú ilé oníyàrá méjì, ibo ni èèyàn tún fẹ́ fi àgbàlagbà sí?

Ṣùgbọ́n Jìbírílù, ọkọ rẹ̀, kò rí oorun sùn mọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju èyí lọ. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ẹrù àwọn onírìn-àjò ní pápákọ̀ òfurufú O'Hare, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ìrora ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà láti bá a fẹ̀yìn tì. Ó ti lé ní ọdún méjì báyìí tó jẹ́ pé bó bá ti dùbúlẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ẹni tó tẹ ẹyin iná. Á dìde, á lọ jókòó sí pálọ̀, á ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Orí àga ló ti ń kírun. Dókítà fún un ní oògùn títí: òmíràn mú òòyì kọ́ ọ, òmíràn mú kó gbàgbé orúkọ àwọn ará àdúgbò. Níkẹyìn, dókítà yìí kan náà ló sọ pé ewé yìí lè ràn án lọ́wọ́. Ó buwọ́ lùwé fún un, ìjọba ìpínlẹ̀ Illinois sì fún un ní káàdì aláìsàn, tó fún un láṣẹ láti gbin ìwọ̀nba díẹ̀ sínú ilé ara rẹ̀, kó ṣáà ti máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

"Ibi tí wọ́n ti ń tà á wà nítòsí," ni Kùdírátù wí. "Ẹ lọ rà á níbẹ̀, kí ẹ gbé e wálé nínú ọ̀rá."

"Kí ará mọ́ṣáláṣí wa kan wá rí mi lórí ìlà?" ni Jìbírílù fèsì. "Ó kúkú sàn kí n gbìn ín. Inú ilé mi ni mo wà, ta ló fẹ́ rí mi?"

Nígbà tó fẹ́ lọ ra èso tó máa gbìn gan-an, ìbòmú àti awò dúdú ló wọ̀ lọ. Kùdírátù wò ó láti ojú fèrèsé, ó ní ẹni tó bá rí i báyìí á rò pé ó fẹ́ lọ ja báńkì lólè ni. Ó wá fi àdéhùn kan lé e lọ́wọ́ pé kó gbìn ín, ṣùgbọ́n kí Ẹ̀gbọ́n òun tó dé, kó ti kúrò ńlẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Jìbírílù kì í ṣe àgbẹ̀. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀. Igi àkọ́kọ́ tó hù, omi ló fi pa á, nítorí àánú rẹ̀ ń ṣe é, ó sì ń bu omi fún un láràárọ̀, lọ́sàn-án, àti nígbà tó bá ti ìrun ìṣáà dé. Èkejì, ajílẹ̀ ló fi jó o ní gbòǹgbò. Nusaybah, ọmọ wọn obìnrin tó jẹ́ apòògùn ní Naperville, ló ń fi fóònù kọ́ ọ níṣẹ́, ohùn ọmọ náà sì máa ń dé ọ̀dọ̀ Kùdírátù ní kíṣìnì.

"Daddy, it's not ẹ̀fọ́. Ẹ má fún un lómi every day. Ẹ ki ìka yín bọ inú iyẹ̀pẹ̀ first. Tó bá ti gbẹ, then you water it."

"Tí òǹgbẹ bá wá ń gbẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Daddy, please."

Ẹ̀kẹta ló yè. Ó gbé e sínú bákẹ́ẹ̀tì kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó so iná pẹrẹsẹ kan sókè orí rẹ̀, ó gbé fáànù kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fi aago kan sídìí iná náà tó ń tàn án, tó sì ń pa á fúnra rẹ̀. Igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Jìbírílù náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó ní dúkìá.

Ní ọjọ́ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́, Kùdírátù ti ṣe àlùwàlá tán, ó fẹ́ lọ kírun àsùbáà, ló bá gbọ́ tí fáànù náà ń kùn lọ́nà tí kò yé e. Jìbírílù wà ní pálọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi. Obìnrin náà ronú pé bí iná bá jó ilé, ìbúra kò ní bá wọn kọ́ òmíràn. Ó wọ yàrá, ó fi kọ́kọ́rọ́ kejì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ síbẹ̀. Ewé kan ló bọ́ sẹ́nu fáànù. Ó yọ ọ́. Ó wá wo igi náà.

Ohun tó ti ń retí látọjọ́ yìí ni nǹkan burúkú kan, nǹkan tó ń wo èèyàn ní ìwòkuwò. Àmọ́ igi tó dúró síwájú rẹ̀ ga dé ìbàdí rẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, ewé rẹ̀ sì pín bí ewé ẹ̀gẹ́ oko bàbá rẹ̀. Ó dúró jẹ́ẹ́ níbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀. Wọn kì í bá ohun ẹlẹ́mìí pàdé láàárọ̀ kí wọ́n má kí i. Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu Kùdírátù kó tó mọ̀.

"O kú àárọ̀ o," ló sọ. Ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnìkan gbọ́. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò bá ẹ jà o. Ẹsẹ̀ Bàbá Nusaybah ni mò ń rò. Wọ́n ní òdòdó rẹ ni oògùn náà. Jọ̀ọ́, tètè tanná."

Bó ṣe di ìṣe rẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́, kó tó tẹ́ aṣọ ìkírun, á yọ́ wọlé, á ṣílẹ̀kùn, á tan tọ́ọ̀ṣì sí igi náà, á kí i, á nu ewé rẹ̀, á sì bẹ̀ ẹ́. Ó sọ fún un pé Jìbírílù kì í ṣe ọkùnrin tó máa ń ráhùn, nítorí náà kí igi má rò pé ìrora náà kéré. Ó sọ fún un pé nígbà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, ọkùnrin náà ń gbé òun kọjá lórí yìnyín kí omi má baà wọ bàtà òun. Lọ́sàn-án, bí Jìbírílù bá dárúkọ igi náà, á káwọ́ lẹ́rán, á ní kí wọ́n má bá òun sọ̀rọ̀ amugbó. Ó fẹ́ràn igi náà, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún.

Ṣùgbọ́n igi náà kò tanná. Jìbírílù ti yí aago iná náà sí bí Nusaybah ṣe wí pé wọ́n ń yí i nígbà òdòdó, síbẹ̀ ewé nìkan ló ń yọ. Ó ga títí ó fi fẹ́ẹ̀ kan iná. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, bíbọ̀ Alájì sì ń sún mọ́lé. Lọ́jọ́ kan, Kùdírátù gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń fi ọ̀bẹ halẹ̀ mọ́ igi nínú kọ́bọ́ọ̀dù, bí ìyá àgbà rẹ̀ ṣe máa ń fi àdá halẹ̀ mọ́ ọsàn tí kò so. Ó sá lọ rẹ́rìn-ín ní kíṣìnì. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, ó lọ bá igi náà, ó tọrọ àforíjì. "Má dá a lóhùn," ló sọ fún igi. "Àìsùn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ṣáà tanná."

Nígbà tó di Sátidé kan, Nusaybah wakọ̀ láti Naperville wá wò ó. Ó yẹ ewé wò, ó yẹ iná wò, ó yẹ aago wò. Kùdírátù dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò fi ẹsẹ̀ kọjá ìloro, nítorí ìbúra.

"Daddy, light is getting in," ni Nusaybah wí. "Tí aago bá ti pa iná, it needs total darkness títí aago á fi tún un tàn. Òkùnkùn yẹn ló ń sọ fún un pé àsìkò òdòdó ti tó. If anybody opens this door, kódà fún ìṣẹ́jú kan, with a flashlight, ó máa rò pé ọjọ́ ṣì gùn, á kàn máa yọ ewé. Aago mélòó ló ń tàn án?"

"Aago méje àárọ̀."

"Ṣé ẹ máa ń ṣí i before seven?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣí i ṣe? Pálọ̀ ni mo máa ń wà."

Wọ́n wá ihò kiri. Jìbírílù kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ dídùn yẹn, ó ń fi téèpù dí etí ilẹ̀kùn. Kùdírátù ń wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀. Ìgbà wo ni òun ń wá síbẹ̀? Ìgbà tó ṣókùnkùn jù. Kí ló ń wà lọ́wọ́ òun? Tọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí òun ń bẹ̀ kó lè tanná, ẹ̀bẹ̀ náà gan-an ni kò jẹ́ kó tanná. Ojú tì í gan-an.

Ó ṣòro fún Jìbírílù láti dìde. Nígbà tó dìde tán, ó wo igi náà fún ìgbà pípẹ́, ó sì mú ọ̀bẹ tó wà lórí fèrèsé.

"Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀," ló wí. "Kódà tó bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, kò ní parí kí Alájì tó dé. Mo ti ṣàdéhùn. Bóyá Ọlọ́run kò fẹ́ ni."

Kùdírátù gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe dárúkọ Ọlọ́run sí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ẹ̀bi òun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọjá ìloro kó tó mọ̀.

"Bàbá Nusaybah, ẹ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀."

"Kùdí, má dá mi lẹ́kun. Ìwọ náà lo fẹ́ kó lọ."

"Èmi ni mò ń ṣí i," ni Kùdírátù wí. "Lójoojúmọ́, kí n tó kírun àsùbáà. Mò ń tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi sí i."

Nusaybah yíjú sí i. "Mummy. Ẹ̀yin tí ẹ ní ojú yín ò ní kàn án?"

"Ojú mi ti kàn án."

"Kí lẹ wá ń ṣe níbẹ̀?"

Ó wá irọ́ kan títí, kò rí. "Mò ń kí i ni," ló wí. "Mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tètè tanná, nítorí ẹsẹ̀ yín. Ẹ má bínú, Bàbá Nusaybah."

Jìbírílù kò bínú. Ó kọ́kọ́ wò ó bí ẹni tí kò rí i rí, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Áà, Ìyá Nusaybah," ló wí nígbà tó rí ohùn. "Èmi ò sùn, o ò jẹ́ kí òun náà sùn. Ààwẹ̀ ẹni tó da ìbúra wà lọ́rùn rẹ o." Ó fà á lọ́wọ́, ó mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì tètè jù ú sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í sún ọjọ́ síwájú. Bí igi náà bá máa tanná, inú yàrá yẹn ló máa wà nígbà tí Alájì bá dé, òórùn rẹ̀ yóò sì kọ́kọ́ kí i káàbọ̀ kí àwọn tó kí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Kùdírátù wọ yàrá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù ni, ó sì pe Ìsẹ́yìn. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ìkankan pamọ́.



"Kùdí," ni Alájì wí, "nítorí ewé yẹn, mo ti lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò nílé ìwé rí."

"Mo mọ̀, sà."

"Ṣé Jìbírílù kò sùn ni?"

"Kò sùn, sà. Ó ti lé ní ọdún méjì. Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò lè gé e. Bí ẹ bá ní kí n yan èyí tó máa wà nínú yàrá náà, igi yẹn ni mo máa yàn." Kò tíì sọ irú rẹ̀ sí àgbàlagbà yìí láti ìgbà tó ti dáyé.

Alájì mí kanlẹ̀. "Ẹ tẹ́ nǹkan fún mi sí pálọ̀," ló wí. "Mo ti sùn lórí ẹní rí."

Ó dé, wọ́n tẹ́ tìmùtìmù fún un sí pálọ̀. Òórùn kí i káàbọ̀ lóòótọ́. Ó yín imú. Alẹ́ ọjọ́ tó dé gan-an ló rí i tí àna rẹ̀ ń bọ̀ nínú òkùnkùn pẹ̀lú bákẹ́ẹ̀tì omi tútù, tó rò pé òun ti sùn, tó ń rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kó má baà jí òun. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọkùnrin méjèèjì jọ ń jókòó ni. Alájì sì ni ẹni tó ń béèrè ní gbogbo ọ̀sán pé, "Òdòdó yẹn ńkọ́?" nítorí pé látìgbà tí Kùdírátù ti gbé tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kúrò lójú igi, òdòdó ti bo ẹ̀ka rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

Jìbírílù gé e, ó sá a gbẹ, Nusaybah sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sè é pẹ̀lú òróró àgbọn. Ẹ̀kán díẹ̀ lábẹ́ ahọ́n lẹ́yìn ìrun ìṣáà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Alẹ́ àkọ́kọ́, omi tútù náà ló bá a mọ́jú. Ọkàn Kùdírátù bàjẹ́.

Ní òwúrọ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, ó jí fún ìrun àsùbáà, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ rẹ̀ sì kan èjìká. Jìbírílù wà níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń hanrun. Obìnrin náà dìde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó fẹ̀yìn rìn jáde, ó sì pàdé Alájì ní pálọ̀ tó ti ṣe àlùwàlá tán.

"Jìbírílù dà?" ni Alájì béèrè. "Àkókò ti tó. Lọ jí i wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Kùdírátù wí. "Ó ń sùn."

Alájì tẹ́tí. Híhanrun náà ń bọ̀ láti inú yàrá, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Alájì wo ojú fèrèsé, ó rí i pé ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, àyè ìrun ṣì wà. Ó fa àga kan fún àbúrò rẹ̀, òun náà jókòó, àwọn méjèèjì sì ń gbọ́ ọ, kò sí èyí tó fẹ́ dìde lọ jí i nínú wọn.