Ọmọ Tí Ẹ̀yìn Ń Wá

Ní gbọ̀ngàn kan ní Ìgàndó, àwọn méjìlá tó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́fíà, iṣẹ́ àwọn tó ń wọ ilé oníṣòro lọ ràn wọ́n lọ́wọ́, fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní. Yógà ni wọ́n ń ṣe. Olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Olútáyọ̀, ń rìn láàárín wọn láìwọ bàtà.

"Ẹ fa èémí wọlé, ẹ ka ení dé ẹ̀rin. Ẹ tú u jáde, ẹ ka ení dé ẹ̀jọ. Èémí tó bá pẹ́ kó tó jáde tán ló ń dẹ ara. Ó yá, níbo ni ìṣòro àwọn ẹni tí ẹ bẹ̀ wò sá pamọ́ sí lára yín?"

"Èjìká mi ni, sà," Festus dáhùn. "Ikùn mi náà wà níbẹ̀ o, àmọ́ ebi ni tìyẹn jàre."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kafilat kò rín. Ẹ̀yìn ni tirẹ̀. Kò dùn ún, kò le. Ó kàn ṣófo ni. Ọdún mẹ́ta ló fi pọn Mùnírátù, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí, tó sì kú fi sílẹ̀. Oṣù karùn-ún rèé tí bàbá ọmọ fẹ́ ìyàwó mìíràn, tó wá mú un lọ sí Bárúwà. "Ẹ má tíì máa wá, àǹtí," ló wí, "kó lè mọ ìyàwó mi ní ìyá." Kafilat mọ̀ pé kò parọ́. Síbẹ̀, bó bá ń fọ abọ́, á ṣì tẹ̀ síwájú díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ yọ̀ bọ́.

Ẹ̀yìn yìí ló kó o sí wàhálà ní ọjọ́ Ajé. Wọ́n ti rán an lọ sọ́dọ̀ Hope ní Akówọnjọ, ọ̀dọ́bìnrin tí ọkọ fi ọmọ oṣù mẹ́jọ sílẹ̀ fún. Ọmọ bú sẹ́kún. Kí Kafilat tó mọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó ti gbé e sẹ́yìn, ó ti fi ìborùn rẹ̀ dì í. Ọmọ dákẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá ọmọ," Hope wí. "Àbí èmi ò mọ ọmọ mi í pọ̀n ni?" Kò dáhùn ìbéèrè kankan mọ́.

"Ìyá la rán ọ sí," Ọ̀gbẹ́ni Olútáyọ̀ sọ fún Kafilat lẹ́yìn yógà, "o wá gba ipò ìyá. Padà lọ lọ́jọ́bọ̀. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní lè fọwọ́ sí i pé o yege."

"Ọwọ́ mi kì í dúró gbàṣẹ, sà. Èémí wo ló lè dá a dúró?"

"Èémí ò ní dá a dúró. Á kàn yá ọ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ tí wàá fi ronú."

Lọ́jọ́bọ̀, Kafilat kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Hope pòṣé. Kò pẹ́, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí ẹní. Gbogbo ẹ̀yìn Kafilat gbóná. Ó tú èémí jáde, ó ń kà. Ní ẹ̀ta, ìka rẹ̀ ṣì ń wá ìborùn. Ní ẹ̀fà, Hope kọjú sí i.

"Ẹ ò gbé e lónìí?"

"Ìyá rẹ̀ ṣáà wà níbí."

Hope wò ó títí. Ó dìde, ó gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń mì í díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń mì í ló ń sọ̀rọ̀: oorun tí kò rí sùn, ọmú tí kò yọ tó, àárọ̀ kan tó dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀, tó fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ kó sì máa lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tì í sókè," Hope wí. "Ọ̀já yìí ń yọ̀."

Kafilat fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé ìdí ọmọ sókè. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó wúwo díẹ̀. Hope so ọ̀já náà le dáadáa.

"Ó ti dúró, àǹtí."

Kafilat ka ení, ó ka èjì, ó mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò.