Àpẹẹrẹ Tí Mo Kọ Sójú Pátákó

Díẹ̀. Gbénró pè mí, ó ní ó rẹ Màmá díẹ̀. "Àǹtí Ọmọ́títí, ó rẹ Màmá díẹ̀ o. Ẹ máa bọ̀ ní Òde-Omi, ẹ má sáré." Ẹ má sáré... Kí ló dé tí àbúrò mi ń bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Kí n parí ìwé ìdánwò tí mo ń máàkì yìí ná. Ó ku mẹ́fà. Màá ṣì bá ọkọ̀ ojú omi ìrọ̀lẹ́.

Ìbéèrè kejì: kí ni "exaggeration"? Fi àpẹẹrẹ gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ yìí mọ̀ ọ́n dáadáa, èmi ni mo kọ́ wọn. Àsọdùn. Kí èèyàn bù mọ́ ọ̀rọ̀. "Lopsided" ní tiẹ̀ ni ọkọ̀ tí gbogbo èrò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n gbádùn ìyẹn. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí wọ́n gbádùn jù —

Rárá. Àárẹ̀ lásán ni. Ṣebí mo mọ màmá mi. Bí omi bá kan àtẹ̀gùn ilé, á ní òkun ti gbé òun lọ. Ẹ̀fọn jẹ ẹ́, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti tán lára òun. Lọ́dún yìí nìkan, ó ti kú fún mi lórí fóònù tó ìgbà mẹ́sàn-án! Tí mo bá sì délé, á máa yan ẹja, á máa rẹ́rìn-ín: "Ọma mi, bí mi ò bá pariwo, ṣé wàá wá?"

Tọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ńkọ́... "Àyà yìí fẹ́ pa mí. Bí o ò bá tètè wá, o ò ní bá mi." Mo ní, Màmá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, mo kọ ọ́ sójú pátákó. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Òun ló ń pè, òun ló ń fi ẹja ránṣẹ́. Èmi ń gbà, mo ń jẹ. Ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tipẹ́.

Díẹ̀. Ta ló ń sọ díẹ̀ nílé wa? Nígbà tí Bàbá... ilé ìwé ni mo wà, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n ní ara Bàbá ò yá díẹ̀, kí n rọra máa bọ̀. Mo rọra lọ. Mo tilẹ̀ ra búrẹ́dì fún un lọ́nà. Mo débẹ̀, mo bá àga tí wọ́n tò síta.

A kì í la ikú mọ́ ọmọ lórí lọ́nà jíjìn. Díẹ̀ la máa ń pè é.

Màmá mi ti kú. Ó bẹ̀ mí, mo sọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ di àpẹẹrẹ. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ìwé tó kàn rèé. Ọmọ yìí mọ̀wé kọ, ó gún régé: "If you do not come quickly, you will not meet me." Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àsọdùn ni. Mo fi bíírò pupa fagi lé e. Kò gbà á. Òótọ́ ni Màmá sọ, èmi ni mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé irọ́ ni.