Fèrè Ọkọ̀ Aláìsàn

"Má fọn ọ́n!" Sẹ̀kínát kígbe láti ẹ̀yìn ọkọ̀. "Ìdírísù, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má fọn fèrè yẹn!"

Ṣùgbọ́n Ìdírísù ti fọn ọ́n. Kí ni ì bá ṣe? Ọkọ̀ ńlá tó kó sìmẹ́ńtì ló dí ọ̀nà Ayétòrò mọ́ ọn níwájú. Lẹ́yìn rẹ̀, Roheemat, ọmọ Sẹ̀kínát, dùbúlẹ̀ tòun toyún, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Orí ẹní ló wà. Owó ìlú ni wọ́n fi ra áńbúláǹsì náà, tòun ti bẹ́ẹ̀dì ló sì dé, àmọ́ ọ̀gá Ìdírísù ní kó tú bẹ́ẹ̀dì kúrò kí àpò ìrẹsì lè ráyè jókòó.

Ó tú u. Ẹni tó ní ìyàwó àtọmọ lọ́rùn, tí kò kàwé kọjá pírámárì, kì í bi ọ̀gá ní "nítorí kí ni." Ọ̀gá mọ̀ pé wọn kì í tú ọkọ̀ aláìsàn wò lẹ́nu bodè. Ìdí-Ìrókò ni Ìdírísù ti ń kó ìrẹsì Kútọnu. Tó bá ti dé Orítá Ìgbó-Ọsàn, á fọn fèrè, káwọn obìnrin lè mọ̀ pé ìrẹsì tówó rẹ̀ rọjú ti dé.

Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì yà. Ìdírísù pa fèrè, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ó ti balẹ̀.

Nígbà tó yọ sí orítá, abọ́ ló kọ́kọ́ rí. Báàfù, ike, abọ́ sílífà. Àwọn obìnrin tó gbé wọn ti kún títì bámúbámú.

"Bàbá Ìrẹsì! Èmi lẹ máa kọ́kọ́ dá lóhùn lónìí o! Ẹ rẹ́ mi jẹ lọ́jọ́sí."

"Ẹ yà lọ́nà! Aláìsàn ni mo gbé!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Aláìsàn tòní ńkọ́, ṣé kò lókùúta nínú?"

Ó bẹ̀ wọ́n, ó bẹ̀ wọ́n títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n ń fọwọ́ lu ara ọkọ̀, wọ́n ń ti ara wọn. Sẹ̀kínát fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Wọ́n rí Roheemat. Wọ́n rí ẹní náà, àti hóró ìrẹsì àná tí ẹ̀jẹ̀ ti sọ di pupa. Báàfù kan bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó ń yí lọ lójú títì. Wọ́n yà.

Nílé ìwòsàn, dókítà jáde, ó mi orí. Nọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e yíjú sí wọn.

"Kí ló dá yín dúró? Ká ní ẹ tètè dé ni..."

Ìdírísù dúró gbagidi. Ohun tó ti ń bà á lẹ́rù látọjọ́ tó ti tú bẹ́ẹ̀dì ti dé. Ẹnì kan máa sọ ọ́ wàyí. Ó tẹjú mọ́ ẹnu Sẹ̀kínát. Ìyá náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Abọ́ tirẹ̀ náà ti wà lórítá yẹn rí. Òun gan-an ló máa ń síwájú.

"Ọ̀nà ni," ó fọhùn. "Ọ̀nà ò dáa."

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀, ó padà wọlé. Fóònù Ìdírísù ń dún lápò: ọ̀gá ni. Kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n léèrè, àtòun àtọ̀gá. Ó ti máa ń rò pé ọjọ́ tóun bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọkàn òun máa balẹ̀. Àmọ́ ó jẹ́ kí fóònù máa dún, ó padà sídìí ọkọ̀, ó ń ṣa hóró ìrẹsì pupa nílẹ̀ rẹ̀.